Ọmọ Ará Ṣábẹ̀

Àyànníyì kò ní kí àbúrò rẹ̀ dìde. Moróunkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ta pátì ọkọ̀ ní Sabon Tasha ní Kàdúná, àwọn oníbàárà sì ń yà fún un kọjá bí ẹni tí ń yà fún àpò sìmẹ́ńtì. Ó ti sọ ohun tó bá wá. Ó sọ ọ́ lóṣù tó kọjá, ó sì ti sọ ọ́ lóṣù tó ṣáájú ìyẹn.

Jádesọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì yanjú. Ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti gbà á síṣẹ́, wọ́n sì ń dúró dè é. Páásípọ́ọ̀tì ni kò ní. Wọ́n ní kó tó lè gba páásípọ́ọ̀tì, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìlú wá, èyí tí yóò fi hàn pé ọmọ ibì kan ní Nàìjíríà ni. Kàdúná tí wọ́n bí i sí kì í fún ọmọ Yorùbá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí kálukú padà sí ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ náà kì í sì í fọwọ́ sí i fún ọmọ tí wọ́n bí sókè Ọya lọ́hùn-ún, àfi bí alága Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sabon Tasha, bá dúró fún un pé òun mọ ilé tó ti wá. Àyànníyì ni alága.

"Ta ni bàbá ọmọ náà?" ni ó bi Moróunkẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ bàbá rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́. Ìgbà wo ni Kútọnù di agboolé ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ kò gbé ojú sókè.

Kútọnù ni Àyànníyì máa ń pe ọkọ àbúrò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kò gbé Kútọnù rí. Ọlọ́runtọ́ba ni orúkọ rẹ̀. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nínú ilẹ̀ Yorùbá tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí òyìnbó ń pín ilẹ̀, èyí tó wà ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó dé Kàdúná. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé, ó pàgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà Kachia, ó ń tún máṣínì ìránṣọ ṣe níbẹ̀. Díákónì ni nínú ìjọ. Yorùbá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, àfi pé ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ka ara rẹ̀ sí àjèjì rí. Ó máa ń sọ pé ààlà tí òyìnbó fà la oko àwọn bàbá òun kọjá kò lè sọ òun di ẹlòmíràn, àti pé láti Ṣábẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń fi èdè kan náà ké pè. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dìbò ní Nàìjíríà ni òun náà ń tò lórí ìlà.

Àyànníyì ní ìdí tó fi kórìíra rẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ pátì títà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kinkinau, ọ̀gá náà rí Moróunkẹ́, ó sì fẹ́ fi ṣe aya. Àyànníyì bá a gbà á láìbi àbúrò rẹ̀ léèrè. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ akọrin ni Moróunkẹ́ ti rí ẹni tó wù ú, ó sì fẹ́ ará Ṣábẹ̀. Ọ̀gá lé Àyànníyì jáde láìjẹ́ kó gba fírídọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ó ti sìn ín tán. Ọdún gbọọrọ ni ó fi gbé pátì lórí kiri nínú oòrùn kí ó tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ènìyàn lè gbé irú ìkorò bẹ́ẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Àyànníyì kò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ń bọ́ ọ, ó sì ń tọ́ ọ dàgbà bí ẹni ń tọ́mọ.

Lọ́jọ́ náà, ó sọ ohun tí yóò gbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ẹgbẹ́ bá pàdé, kí Jádesọ́lá wá dìde lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sọ pé òun Àyànníyì ni bàbá òun, kí ó sì ju orúkọ ará Ṣábẹ̀ nù, kí ó máa jẹ́ orúkọ tòun. Bí ó bá ti ṣe ìyẹn, òun yóò dúró fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ku ohun kan. Ọlọ́runtọ́ba fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí Moróunkẹ́ mú iṣẹ́ yìí délé, Jádesọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ìyá òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fi Hausa bèèrè bóyá orí Kawu ti dàrú ni. Kawu ni àwọn Hausa ń pe arákùnrin ìyá ẹni, bẹ́ẹ̀ ni òun náà sì ṣe ń pe Àyànníyì láti kékeré. Moróunkẹ́ ní orí ẹnikẹ́ni kò dàrú. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Ọlọ́run sì ń wo ọkàn. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé, òun kò sì bí ọmọ kó lè wá jókòó ti òun nílé títí eyín rẹ̀ yóò fi ká.

"Màmá, ẹ fẹ́ kí n dúró síwájú ènìyàn kí n sọ pé n kò mọ bàbá mi?"

"Mo fẹ́ kí o lọ. Bí o bá délẹ̀ ọ̀hún, máa pè é ní bàbá láti àárọ̀ títí dalẹ́, ta ni yóò gbọ́?"

Ọlọ́runtọ́ba ń fi òróró sí máṣínì kan tó gbé bọ̀ láti ìsọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irọ́ kò ní kékeré."

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni ó wí. "Lọ sọ ọ́. Kò ní yọ ẹ̀jẹ̀ mi kúrò lára rẹ."

Oúnjẹ wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, kálukú sì bu tirẹ̀ lọ síbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní í rí ti èkejì.

Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó láti lọ bèèrè ohun tí òfin wí. Ohun tó bá dáni lójú, a kì í lọ bèèrè rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì mọ̀, bí gbogbo wa ti mọ̀, pé ilé bàbá ọmọ ni ilé ọmọ. Ilé ìyá dára fún ìkẹ́ àti ìgẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè ibi tí ènìyàn ti wá, kì í ṣe ibẹ̀ là ń nàka sí.

Gbọ̀ngán ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ẹgbẹ́ ti ń pàdé lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ọlọ́runtọ́ba sì jókòó lójú fèrèsé níbi tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka ohun tí wọ́n sọ nípàdé tó kọjá, wọ́n bá ẹni tó ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Lẹ́yìn èyí Àyànníyì pe Jádesọ́lá síwájú. Ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi.

"Sọ fún àwọn àgbà. Ta ni bàbá rẹ?"

Jádesọ́lá la ẹnu. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ó ní, "Kawu." Gbogbo ilé ń dúró. Ó tún ní, "Kawu," omi sì kún ojú rẹ̀.

Màmá Adùnọlá, tó dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin, ní kí Àyànníyì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ jókòó, pé ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Àyànníyì dáhùn pé ọ̀rọ̀ kò tíì kan àwọn obìnrin.

"Obìnrin ló bí ìwọ náà," ni màmá náà wí, "àfi bí wọ́n bá rà ọ́ mọ́ pátì."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí Àyànníyì ti fẹ́ jẹ́ kí omi ojú ọmọ náà tó fún òun, ṣùgbọ́n kò lè fara da pé kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín níṣojú ẹni tó wà lójú fèrèsé. Ó yí padà sí i.

"Ahọ́n ọmọ ti wọlé. Kútọnù, dìde kí o bá a sọ ọ́. Sọ fún ẹgbẹ́ pé àlejò ni ọ́, àti pé o kò ní ọmọ níbí."

Ọlọ́runtọ́ba dìde. Ó ju Àyànníyì lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí àna ni, àna kò ní kékeré. Lẹ́yìn náà ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ̀yin àna mi, àlejò ni mí lóòótọ́. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá mi sí. Ẹ ní kí n sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró yìí, èmi ni mo bí i. Mo rò pé mo lè jókòó kí ó sẹ́ mi. Èmi kò lè dìde kí n sẹ́ ẹ."

Àyànníyì gbá agogo tó wà lórí tábìlì.

"Ó ti tán. Kí ẹni tó bí i fún un ní páásípọ́ọ̀tì."

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Moróunkẹ́ ṣíwájú ọkọ rẹ̀ lọ jìnnà, kó má baà dà bíi pé wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tó sì sọ̀rọ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní gbogbo ayé ń parọ́ nítorí ọmọ, ọkọ tòun nìkan ni ẹni mímọ́. Ó ní kó fi ìwà mímọ́ náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí àwọn wò ó.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Jádesọ́lá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe páásípọ́ọ̀tì, láti sọ fún wọn pé òun kò rí ìwé ìlú gbà, bóyá wọ́n lè fún òun láyè sí i. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e láti bá a bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ọ̀gá tó dá wọn lóhùn ni Màálámù Abdulkadir, ọkùnrin títóbi kan tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé àwọn ẹlòmíràn bí ó ti ń gbọ́ tiwọn. Moróunkẹ́ fi Hausa rò fún un títí: bí bàbá ọmọ kì í ti í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ̀gbọ́n òun ti kọ̀, bí ó ti dójú ti àwọn ní ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní látàárọ̀ ni ó ti ń sọ ti bàbá ọmọ. Òun ìyá ńkọ́, níbo ni ó ti wá?

Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkùnrin náà bèèrè bóyá òun ìyá ní páásípọ́ọ̀tì. Ó ní ọ̀kan. Ìjọ ti ṣètò ìrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà kan, ó sì bá wọn lọ. Wọ́n ní kó lọ mú un wá. Ó lọ mú un wá láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, òun àti ìwé ìlú tó fi gbà á nígbà náà. Màálámù Abdulkadir ṣí i, ó wò ó, ó sì bi í bóyá ọmọ Nàìjíríà ni.

Ọ̀rọ̀ náà bí Moróunkẹ́ nínú. Ó ní kí ni òun ì bá tún jẹ́?

"To, ó dára," ni ọkùnrin náà wí. "Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ó wá là á yé wọn. Ó ní òfin kò sọ pé bàbá nìkan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn bá jẹ́ ẹ, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú ìbí. Ìyá tó. Ìlú ìyá rẹ̀ ni ìwé ìlú rẹ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ òun yìí sì ti tó òun. Ó ní alága ẹgbẹ́ kò lè fún ènìyàn ní irú ẹ̀tọ́ yìí, nítorí náà kò lè dá a dúró. Ààrẹ lè gbà á padà lọ́wọ́ àjèjì tí wọ́n sọ di ọmọ ìlú, bó bá hùwà ọ̀dàlẹ̀ tàbí tó bá tètè dèrò ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ti ẹni tí wọ́n bí i mọ́, Ààrẹ kò lè fọwọ́ kàn án. Àfi bí Jádesọ́lá fúnra rẹ̀ bá dàgbà tán tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Moróunkẹ́ jókòó. Kò sí àga lẹ́yìn rẹ̀, àpótí ìwé kan ni ó jókòó lé. Ó ń wo páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kó, tí ó sì rí i pé inú ilé ni nǹkan náà wà.

Jádesọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti bèèrè orílẹ̀-èdè bàbá rẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Màálámù Abdulkadir gbé ojú sókè sí ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi í níbi tí wọ́n ti bí i. Moróunkẹ́ fa aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kó wí, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ti yanjú, kó má tún dá òmíràn sílẹ̀.

"Ṣábẹ̀ ni," ni Ọlọ́runtọ́ba wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀, Jáde."

Ó kọ ọ́.

Màálámù Abdulkadir bèèrè bóyá ó ní ìwé tó fi ń gbé Nàìjíríà. Kò ní. Ó bèèrè bóyá ó ń dìbò. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun ń dì. Ọkùnrin náà ní kó má tún sọ ìyẹn níbòmíràn, pé òun kò gbọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, kò sì jẹ́ ẹ rí, kódà lọ́jọ́ kan. Ó ní ká ní obìnrin Ṣábẹ̀ ló fẹ́ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin náà ì bá forúkọ sílẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀, kó sì di ọmọ ìlú. Òfin kò ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin. Ohun tó kù fún un ni kó gba ìwé ìgbélùú, kó dá káàdì ìdìbò padà, kó sì tọrọ pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ìlú, nítorí ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ ju bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n gómìnà gbọ́dọ̀ gbọ́ pé àwọn ènìyàn ibi tó ń gbé tẹ́wọ́ gbà á.

"Ta ni wọ́n ń bi?" ni Ọlọ́runtọ́ba bèèrè.

"Àwọn ará àdúgbò rẹ, Baba. Àwọn àgbà ìjọ rẹ. Àwọn olórí ẹgbẹ́ yín."

Moróunkẹ́ fi imú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jáde, ó dúró dè é, wọ́n sì jọ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, bí kò tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Páásípọ́ọ̀tì jáde. Jádesọ́lá lọ kí òjò tó dá, orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ lójú omi ìrìbọmi. Ọlọ́runtọ́ba gba ìwé ìgbélùú, ó dá káàdì rẹ̀ padà, ó sì kọ ìwé pé òun fẹ́ di ọmọ ìlú. Lọ́jọ́ ìdìbò tó tẹ̀ lé e, ó jókòó ní àgọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ tò.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìjọba rán ènìyàn wá sí Sabon Tasha láti bèèrè rẹ̀. Àlùfáà ìjọ sọ rere. Àwọn télọ̀ tí ó ń bá tún máṣínì ṣe sọ rere, Hausa àti Yorùbá wọn. Àwọn tí ìjọba rán náà sì dé ṣọ́ọ̀bù alága Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀.

Àyànníyì fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wá sí àgọ́ náà láti ròyìn. Kò jókòó. Ó dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó sì ṣíji bo iṣẹ́ ẹni tó wà nínú àgọ́.

"Wọ́n wá bi mí léèrè rẹ. Mo ní n kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sabon Tasha."

Ọlọ́runtọ́ba yọ ìṣó kékeré tó fi ẹnu mú.

"Ẹ kú ìyọnu, àna mi."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Jádesọ́lá pè láàárọ̀ yìí. Ó ní òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ."

"Èmi kò bèèrè Jádesọ́lá."

"Òun nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín," ni Ọlọ́runtọ́ba wí. "Èyí tó kù, ẹ máa mú un."

Àyànníyì ṣì dúró, bí ẹni pé ó ku ohun tó fẹ́ gbọ́. Obìnrin kan tó gbé orí máṣínì lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi Hausa ní kí Baba dákun sún, ẹrù wúwo. Ó sún.